Chip pọ̀ nílẹ̀, fóònù sì tún wọ́n: báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ọjà tí ilé iṣẹ́ chip kó pamọ́ bá iye fóònù tí aráyé fẹ́ rà mu?

Láti ìparí ọdún 2025 ni ìròyìn méjì ti ń dé etí wa tó dà bíi pé wọ́n ń pe ara wọn ní onírọ́. Ọ̀kan ní chip ti di ọ̀wọ́ngógó, pé òun ló fà á tí owó fóònù fi ń lọ sókè. Èkejì ní ilé iṣẹ́ chip báyìí-báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé owó rẹ̀ jáde, ọjà tí kò tíì tà sì pọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ta fóònù ní Ọlá-Ìyá àti Òkefìà ní Òṣogbo ń béèrè pé, bí ọjà bá pọ̀ nílẹ̀, kí ló dé tí àwọn alágbàtà Èkó ń fowó lé e? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra ìpín ilé iṣẹ́ òkèèrè lórí fóònù ní ìbéèrè tiwọn: ṣé ilé iṣẹ́ tí ọjà pọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti wọ gàù ni, àbí ó ń múra sílẹ̀ de títà ni?

Ó lè jẹ́ èkíní, ó lè jẹ́ èkejì. Iye ọjà tó wà nílẹ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni èyí tí ìwé ilé iṣẹ́ náà kì í sábà sọ: iye ọjà tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ta ló ń ṣe chip tó wà nínú fóònù?

Chip jẹ́ ègé kékeré tí wọ́n fi silicon ṣe, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju èékánná lọ, tó sì ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ nínú fóònù. Kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo ló ń wà nínú fóònù o. Èyí tó ń ronú wà, òun ni orúkọ rẹ̀ máa ń jẹ́ Snapdragon, Helio tàbí Dimensity. Èyí tó ń rántí wà, òun ni oníbàárà ń béèrè nígbà tó bá ní “ṣé 8 lórí 256 ni?” Èyí tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, èyí tó ń bójú tó ohùn wà, èyí tó ń ṣọ́ iná bátìrì náà wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé “chip pọ̀” àti “chip wọ́n” lè jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ kan náà bí kì í bá ṣe chip kan náà ni wọ́n ń sọ.

Qualcomm ní San Diego, MediaTek ní Hsinchu ní Taiwan, àti Unisoc ní Shanghai wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ń ta chip tó ń ronú fún àwọn tó ń ṣe fóònù. Ti MediaTek àti ti Unisoc ló pọ̀ jù nínú Tecno, Infinix àti itel tí à ń rà níbí. Ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ ara wọn ṣe é. Àwòrán iṣẹ́ ni wọ́n ń yà, wọ́n á wá gbé e fún ilé iṣẹ́ mìíràn kó bá wọn ṣe é, pàápàá TSMC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Taiwan lọ́dún 1987. Àwọn tó ń ṣe èyí tó ń rántí yàtọ̀: Samsung àti SK Hynix ní Kòríà, àti Micron ní Amẹ́ríkà, ló di èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mú, wọ́n sì ní ilé iṣẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni chip ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fóònù, irú bíi Transsion ní Shenzhen tó ni Tecno, Infinix àti itel. Láti ibẹ̀, ó di ọwọ́ alágbàtà Èkó, kó tó di Òṣogbo. Ibi gbogbo lójú ọ̀nà yìí ni chip ti lè dúró, kó má lọ mọ́.

Kí ni “ọjà tó wà nílẹ̀”?

Ẹ ronú kan ìyá aláró kan ní Òṣogbo tó ń ṣe àdìrẹ sílẹ̀ de ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ. Bí ẹ bá wọ àgbàlá rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, òkìtì mẹ́ta lẹ máa rí. Aṣọ funfun tí kò tíì fọwọ́ kàn wà ní igun kan. Èyí tó ti fi ẹ̀kọ yàwòrán sí, tàbí tó ti wà nínú ìkòkò aró, wà níbòmíràn. Èyí tó ti gbẹ, tó ti ká, tó ń dúró de oníbàárà, wà lórí pẹpẹ. Owó ìyá náà ni gbogbo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ni ọjà tó wà nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ilé iṣẹ́ chip rí. Ohun èlò tí wọ́n kó sílẹ̀ wà, èyí tí iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀ wà, èyí tó ti parí wà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí apá ẹ̀yìn ìwé owó tí wọ́n ń gbé jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ ṣí, àmọ́ àwọn oníròyìn kì í débẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òkìtì tí iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀ ló ga sókè, ó sábà máa ń jẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà ń retí títà ní oṣù díẹ̀ sí i, bí ìyá aláró tí ìkòkò rẹ̀ kún nínú oṣù Kẹfà. Bó bá jẹ́ pé èyí tó ti parí ló ń ga nígbà tí títà ń lọ sílẹ̀, àdìrẹ tó ṣì wà lórí pẹpẹ nínú oṣù Kẹsàn-án nìyẹn, nígbà tí àwọn àlejò ọdún ti wọkọ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọjà yìí kì í ṣe iye tí wọ́n máa tà á. Iye tó ná wọn láti ṣe é ni. Ọjà tí wọ́n kọ bílíọ̀nù kan dọ́là sí lè mú bílíọ̀nù méjì wọlé bí ọjà bá dára, bó bá sì burú, ó lè má mú ìdajì bílíọ̀nù wá.

Báwo la ṣe ń sọ owó di ọjọ́?

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ilé iṣẹ́ kan ní ọjà mílíọ̀nù 600 dọ́là nílẹ̀, ẹ kò lè mọ̀ bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré àfi bí ẹ bá mọ bí ọjà rẹ̀ ṣe ń yá tó. Ìṣirò tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò kò le rárá. Ẹ mú iye ọjà tó wà nílẹ̀, ẹ fi iye tí ọjà tí wọ́n tà láàárín oṣù mẹ́ta ná wọn pín in, kí ẹ wá fi 91 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, nítorí nǹkan bí ọjọ́ 91 ló wà nínú oṣù mẹ́ta. Ohun tó bá jáde ni iye ọjọ́ tí ọjà náà yóò fi tán bí títà bá ń lọ bó ṣe ń lọ, tí wọn kò sì ṣe òmíràn kún un.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ tí a fọkàn yà ṣe é. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọjà mílíọ̀nù 500 dọ́là wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n tà sì ná wọn ní mílíọ̀nù 600. Ẹ pín 500 sí 600, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 91: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ 76. Ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ọjà tó wà nílẹ̀ di mílíọ̀nù 600, èyí tí wọ́n tà wá ná wọn ní mílíọ̀nù 500 péré. Ó ti di ọjọ́ 109. Ọjà fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ fi ohun tó ju ìdá méjì nínú márùn-ún lé sí i. Ohun tó fà á ni pé bí ọjà ṣe ń gòkè ni títà ń sọ̀ kalẹ̀, ìṣirò ọjọ́ sì ń ka méjèèjì pọ̀.

Àbùkù ìṣirò yìí ni pé ẹ̀yìn ló ń wò. Bí ilé iṣẹ́ kan náà bá ń retí láti ta ọjà tó ná an ní mílíọ̀nù 700 ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, ọjà mílíọ̀nù 600 yẹn kò ju ti ọjọ́ 78 lọ, ariwo ò sì sí níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ yìí máa ń sọ iye tí wọ́n ń retí láti pa ní oṣù mẹ́ta tó kàn. Ẹ yọ èrè tí wọ́n ń retí lórí ọjà náà kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi èyí tó kù, ìyẹn iye tí ọjà náà máa ná wọn láti ṣe, tún ìṣirò náà ṣe. Ẹ máa rí i pé ìbéèrè ti yí padà: kì í tún ṣe “ṣé ọjà pọ̀?” mọ́, ó ti di “ṣé a lè gba ìrètí wọn gbọ́?”

Ọjọ́ mélòó ló pọ̀ jù?

Kò sí iye kan tó bá gbogbo wọn mu. Láti ìgbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí chip títí tó fi parí, ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gba ọjọ́ 90 kò lè fi ọjà ogún ọjọ́ sílẹ̀ kó sì sùn dáadáa. Nítorí náà, ọjọ́ 80 tàbí 100 lè má jẹ́ nǹkan kan. Ẹ fi ilé iṣẹ́ wé ara rẹ̀ ni, kí ẹ sì fi oṣù kan náà wéra: oṣù Kẹfà ọdún yìí pẹ̀lú oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, kì í ṣe oṣù Kẹfà pẹ̀lú oṣù Kejìlá.

Ìdí ni pé fóònù ní àkókò tirẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni Apple sábà máa ń gbé iPhone tuntun jáde. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, Cirrus Logic, tó ń ṣe chip tó ń bójú tó ohùn. Ohun tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ nínú owó tó ń wọlé fún un ló ń ti ọ̀dọ̀ Apple wá. Bí ẹ bá rí i pé ọjà rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ kí iPhone tuntun tó jáde, ohun tó yẹ kó ṣe ló ń ṣe yẹn. Bó bá ṣì pọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọdún tuntun wọlé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Nígbà mìíràn, ohun tí kò kan ẹni tó ń ra fóònù rárá ló máa ń fa ìkójọ. Ní ọdún 2020, Huawei, tó ń ṣe fóònù ní Ṣáínà, sáré kó chip jọ kí òfin tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí i lọ́wọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ẹni tó bá wo bí chip ṣe ń tà nígbà yẹn nìkan lè rò pé fóònù ń yá ní ọjà. Ẹ̀rù òfin ló ń ra chip.

Òkìtì kan tún wà tí ẹ kò ní rí nínú àgbàlá. Ìyá aláró lè ti bá oníṣòwò aṣọ funfun ṣe àdéhùn pé òun máa gba ẹrù báyìí lóṣooṣù títí ọdún yóò fi parí. Aṣọ náà kò tíì dé, kò sì sí lára ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Nígbà tí chip wọ́n ní ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ya àwòrán chip tọwọ́ bọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń bá wọn ṣe é, òmíràn fún ọdún púpọ̀, òmíràn pẹ̀lú àsansílẹ̀. Nígbà tí ọjà rọ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àdéhùn kò rọ̀. Ìwé ọdọọdún máa ń sọ iye tí irú àdéhùn yìí jẹ́, èmi sì máa ń wò ó kí n tó wo èrè.

Ta ló tún ń kó chip pamọ́?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí, títí kan àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ chip fúnra wọn.

Chip tí MediaTek tà fún ẹni tó ń ṣe fóònù ti kúrò nínú ìwé MediaTek. Ó ti di títà, owó ti wọlé. Ṣùgbọ́n chip náà lè máa sùn nínú ilé ìpamọ́ ẹni tó rà á fún oṣù mẹ́rin. Ó lè ti wà nínú fóònù tó ti parí, kí fóònù náà máa wà nínú páálí ní Èkó. Títí ẹnì kan yóò fi sanwó fún fóònù yẹn, tí yóò sì tàn án, kò tíì sí ẹni tó rà á ní ti gidi. Ilé iṣẹ́ chip lè ní ọjọ́ tó kéré, kí ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sì kún ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ títí dé ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan tó máa fi bó ṣe burú tó hàn. Ká ní ẹnì kan ń ṣe fóònù mílíọ̀nù 10 lóṣù, ó sì ń fi chip oṣù méjì pamọ́, ìyẹn mílíọ̀nù 20, kí iṣẹ́ má bàa dúró. Lóṣù kan, fóònù tó tà dín sí mílíọ̀nù 9. Chip oṣù méjì tó fẹ́ pamọ́ ti di mílíọ̀nù 18 nìyẹn. Ó nílò mílíọ̀nù 9 fún iṣẹ́ oṣù náà, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 2 ti lé nínú ilé ìpamọ́ rẹ̀, nítorí náà mílíọ̀nù 7 péré ló máa rà. Fóònù dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ọjà ilé iṣẹ́ chip dín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, bí fóònù bá dúró sí mílíọ̀nù 9, yóò tún ra mílíọ̀nù 9. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ chip yóò wò ó pé títà ti gòkè láti 7 sí 9, yóò sì rò pé ọjà ti padà bọ̀ sípò. Kò sí ohun tó padà bọ̀ sípò. Iye fóònù tí wọ́n ń tà kò yí padà rárá láàárín oṣù méjèèjì yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an láàárín 2021 sí 2023 nìyí, àfi pé ó tóbi ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lọ. Nígbà tí chip wọ́n lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ àrùn Kòrónà, ẹ̀rù ba àwọn tó ń ra chip. Ẹni tó fẹ́ ọgọ́rùn-ún á béèrè fún igba, kó lè rí ọgọ́rùn-ún gbà. Àwọn mìíràn béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú àwọn tó ń tà, gbogbo ayé ló ń fẹ́ fóònù. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí IDC, ilé iṣẹ́ tó ń ka iye fóònù tó ń jáde kárí ayé, ṣe kà á, fóònù tó jáde kárí ayé ní ọdún 2021 jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.36, nígbà tó sì máa fi di 2022, ó ti wálẹ̀ sí bílíọ̀nù 1.21. Ẹrù tí wọ́n fi ìbẹ̀rù rà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Qualcomm sọ ọ́ síta pé òun fojú bù ú pé chip tó lé lójú ọ̀nà tó èyí tí wọ́n máa fi ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 lò kí ó tó tán. Ìdí nìyẹn tí títà chip kò fi tètè gbéra padà: àwọn tó ń ṣe fóònù kọ́kọ́ jẹ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tán ná.

Báwo wá ni ará ìta ṣe lè mọ iye tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà? Ìwé tiwọn ni kí ẹ ṣí. Transsion wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò ní Shanghai láti ọdún 2019, Xiaomi wà ní ti Hong Kong, àwọn méjèèjì ló sì ń kọ iye ọjà tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí ọjà ilé iṣẹ́ chip bá ń dín nígbà tí ti àwọn tó ń ṣe fóònù ń pọ̀, ẹrù kò tán. Ó kàn kó kúrò nínú yàrá kan bọ́ sí òmíràn ni.

Báwo la ṣe ń mọ iye fóònù tí aráyé máa rà?

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú iye tí ẹ ń kà nínú ìròyìn ni ti fóònù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é lọ sọ́wọ́ alágbàtà. Kì í ṣe fóònù tó dé àpò ẹni tó ń lò ó. Ní ọdún 2023, IDC ka bílíọ̀nù 1.17. Ní 2024, ó ka bílíọ̀nù 1.24. Ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ yìí á ní ọjà ti gbéra. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan nínú rẹ̀ lè jẹ́ ti àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo tí wọ́n ń kún padà.

Fóònù àlòkù tún wà. Ẹni tó ra iPhone tòkunbọ̀ ní Òṣogbo ti ra fóònù lójú ara rẹ̀, ó sì náwó gidi. Lójú ilé iṣẹ́ chip, kò ra nǹkan kan. Chip inú fóònù yẹn ti di títà ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn. Bákan náà ni ẹni tó pààrọ̀ ojú fóònù tó fọ́, tó ní òun á fi lo ọdún méjì sí i. Ní ìlú tí owó kò sí, ọjà fóònù lè máa hó yeye kí ọjà chip má mì.

Owó náírà tìkára rẹ̀ ń dá ọ̀rọ̀ sí i. Kí ìjọba tó fi náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò tó 500 náírà ní báńkì. Ní oṣù Kejì 2024, ó ti ju 1,500 lọ. Fóònù 150 dọ́là tó yẹ kó jẹ́ 69,000 náírà bí dọ́là bá jẹ́ 460 ti di 225,000 nígbà tí dọ́là di 1,500, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kọ́bọ̀ kan lé owó chip. Nítorí náà, ẹni tó bá fi bí fóònù ṣe ń tà ní ìlú wa ṣe ìdájọ́ ilé iṣẹ́ chip ń wo náírà ju bó ṣe ń wo chip lọ.

Bí chip bá pẹ́ nílẹ̀, ṣé ó ń bàjẹ́?

Kì í rà bí ẹran, ṣùgbọ́n àdìrẹ tí wọ́n kọ ọdún 2024 sí lára kò lè rí ẹni rà á lọ sí ọdún Ọ̀ṣun 2025. Ọdọọdún ni Qualcomm àti MediaTek ń gbé chip ńlá tuntun jáde. Ti èṣí kì í di asán lójijì. Fóònù tó rọjú ló máa ń lọ, lówó tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Chip tí wọ́n dìídì ṣe fún oníbàárà kan ṣoṣo ló léwu jù, torí bí oníbàárà yẹn kò bá fẹ́ ẹ mọ́, kò sí ẹlòmíràn tó máa rà á. Chip ìrántí yàtọ̀ sí èyí: ti Samsung àti ti Micron lè rọ́pò ara wọn, nítorí náà ó rọrùn láti rí ẹni rà á, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ jù, owó gbogbo wọn ló ń já pọ̀.

Micron rí i. Ní oṣù mẹ́ta tó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 2022, ọjà tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ju ti 200 ọjọ́ lọ, ti fóònù àti ti kọ̀ǹpútà pọ̀. Ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó gé bílíọ̀nù 1.43 dọ́là kúrò nínú iye tó kọ sílẹ̀ fún ọjà náà, nítorí pé kò lè tà á ní iye tó ná an láti ṣe é mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún irú gígé bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, iye ọjà nínú ìwé á wálẹ̀, iye ọjọ́ náà á lè wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyọ chip kan kò kúrò nílé. Nígbà tí wọ́n bá wá tà á, èrè á dà bíi pé ó pọ̀, torí iye tí wọ́n kọ sí i ti kéré. Àwọn tó kan sárá sí ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn ń kan sárá sí àdánù tó ti jẹ tẹ́lẹ̀.

Kí ló dé tí chip fi pọ̀ tí ó sì tún wọ́n?

Èyí tó wọ́n láti ìparí 2025 ni chip ìrántí. Àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà AI sí ń fẹ́ ìrántí púpọ̀, wọ́n sì ń san owó tó dára ju ti àwọn tó ń ṣe fóònù lọ. Samsung, SK Hynix àti Micron yí apá kan nínú iṣẹ́ wọn sí ìrántí ti AI, èyí tó kù fún fóònù sì di ohun tí wọ́n ń dù. Kíkọ́ ilé iṣẹ́ tuntun ń gba ọdún púpọ̀, nítorí náà wọn kò lè fi oṣù méjì dí àlàfo náà.

Fóònù tí kò ní ìrántí kò ṣeé tà. Bí ẹni tó ń ṣe fóònù kò bá rí ìrántí rà, tàbí tí owó rẹ̀ ga jù fún un, fóònù tó máa ṣe á dín, chip tó ń ronú tí ó yẹ kó rà náà á dín. Èyí á wá máa kó jọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á. Bó ṣe di pé ọ̀wọ́n chip kan ń bí ọ̀pọ̀ chip mìíràn nìyẹn. Ní ọdún 2022, ọjà tó pọ̀ nílẹ̀ ń sọ pé àwọn èèyàn kò fẹ́ fóònù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní àkókò yìí, ó lè máa sọ pé wọ́n fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é kò pé. Ẹni tó bá fi ìdájọ́ 2022 ka ìwé ti ọdún yìí á ṣì í.

Fóònù olówó pọ́ọ́kú ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí bí owó fóònù bá ṣe kéré tó ni ìpín tí ìrántí ń kó nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, irú wọn náà ló sì pọ̀ jù ní ọwọ́ wa. Ìwé tó yẹ kí àwọn oníṣòwò Òṣogbo máa ṣọ́ báyìí ni ti àwọn tó ń ṣe ìrántí, pàápàá òkìtì èyí tó ti parí nínú ọjà tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí òkìtì yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ga fún oṣù mẹ́ta, kó tún ga fún oṣù mẹ́ta mìíràn, owó ìrántí á fẹ́ wálẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fóònù á ṣì kọ́kọ́ lo èyí tí wọ́n rà ní owó gọbọi tán, alágbàtà Èkó náà á ṣì fẹ́ ta èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó gba tuntun. Ẹni tó bá ń retí pé kí owó fóònù já lọ́sẹ̀ tí ìròyìn náà bá jáde máa dúró pẹ́.